Oògùn ikọ́, ọ̀fìnkìn àti àlẹ́jì: èyí tí mo ń rà àti èyí tí mo ń fi sílẹ̀ lórí káńtà

Gbági Tuntun ni mo ti ń ta aṣọ, lójú ọ̀nà Ifẹ̀ àtijọ́, n'Íbàdàn níbí. Ẹni tó bá ti tú ẹrù aṣọ rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Bí a bá ti fa ọ̀rá ara ẹrù ya, tí a gbọn aṣọ àkọ́kọ́, eruku àti ìyẹ̀fun tí wọ́n fi mú aṣọ le á bú sókè, ojú á máa yúnni, imú á máa ṣomi. Kó wá tún bọ́ sásìkò ọyẹ́, láti ìparí oṣù kọkànlá wọ oṣù kejì, tí eruku aṣálẹ̀ Sàhárà bá kún ti ọjà, gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀bù wa ló ń sín. N kì í fi ọ̀rọ̀ oògùn imú àti oògùn ikọ́ ṣeré rárá. Mò ń rà á fún ara mi, mò ń rà á fún ìyá ọkọ mi tí wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mo sì ń rà á fún àbíkẹ́yìn mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Oògùn tó bá ẹnì kan lára mu nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè pa ẹlòmíì lára. Àwọn tí a ti lò nílé wa, tí mo rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ni mo fẹ́ sọ, àti ibi tí mo ti ń rà wọ́n.

Kí n tó dárúkọ èyí tó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà mọ́: oògùn àpòpọ̀ inú ọ̀rá. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ẹ ó dé ìdí káńtà kan, ẹ ó ní, "Ẹ bá mi po ti kátá àti ara ríro." Ẹni tó ń tà á kò ní bi yín ní ohunkóhun, á kàn máa já hóró lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá funfun, á sọ ọ́ ní kókó, á ní kí ẹ lò ó láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ta ọjà mú irú ẹ̀ dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Mo gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, mo gbé e lọ bá apòògùn tí mo máa ń lọ bá, mo ní kó bá mi wo ohun tó wà níbẹ̀. Ó da gbogbo rẹ̀ sórí àwo kékeré tí wọ́n fi ń ka oògùn, ó sì ń fi igi pẹlẹbẹ ọwọ́ rẹ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀. Hóró funfun ńlá méjì, paracetamol. Hóró wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, Piriton. Hóró tó mú àwọ̀ ọsàn, fítámì C. Kápúsù aláwọ̀ méjì, àǹtíbáyótíìkì. Ó wá ku hóró funfun kékeré kan. Ó mú un súnmọ́ ojú, ó yí i padà, ó ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí i lára, ó ní, "Prednisolone nìyí mà, stẹ́rọ́ìdì ni."

Stẹ́rọ́ìdì yẹn gan-an ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ pé àpòpọ̀ ti lágbájá "ń ṣiṣẹ́ bí idán." Ara á kọ́kọ́ yá gágá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó ń gbé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sókè, ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń dín agbára tí ara fi ń bá àrùn jà kù. Àǹtíbáyótíìkì ńkọ́? Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn, Ampiclox àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò sì lè ṣe fáírọ́ọ̀sì ní nǹkan kan. Ohun tí kápúsù mẹ́ta mẹ́rin yẹn máa ń ṣe ni pé ó ń kọ́ àwọn kòkòrò tó kù nínú ara bí wọ́n á ṣe fara da oògùn, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tí àìsàn tó nílò rẹ̀ bá dé, kò ní ràn án mọ́. Ọ̀rá náà kò ní orúkọ oògùn lára, kò ní nọ́ńbà NAFDAC, kò ní ọjọ́ tí oògùn máa bàjẹ́. Tí ara bá kọ̀ ọ́, kí lẹ fẹ́ sọ fún dókítà pé ẹ lò?

Ilé ìtajà oògùn tí mo ń ná báyìí kò jìnnà sí ọjà. Ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ṣàkóso àwọn apòògùn, ìyẹn Pharmacy Council of Nigeria, wà lára ògiri níbi tí ojú gbogbo èèyàn tó o, ọdọọdún ni wọ́n sì ní láti tún un gbà. Oòrùn kì í pa oògùn wọn. Ohun tó mú mi máa padà síbẹ̀, bó ti wù kí èrò pọ̀ tó, ni ìbéèrè tí apòògùn ibẹ̀ máa ń béèrè. Obìnrin ni, kò tó mi lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n mo máa ń pè é ní Àǹtí Dókítà.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ta ló fẹ́ lo oògùn náà?"

"Èmi ni, Àǹtí Dókítà."

"Ṣé ojú ń yún yín? Ṣé ara gbóná? Ṣé ọ̀nà ọ̀fun ń dùn yín?"

"Ojú ń yún mi, imú ń ṣomi, mo sì ń sín ṣáá. Ara ò gbóná. Tí mo bá délé lálẹ́, ó máa ń fúyẹ́."

"Èyí kì í ṣe ọ̀fìnkìn mà. Eruku ọjà yẹn ni ara yín ń bá jà. Àlẹ́jì ni."

Ó yẹ kí gbogbo wa mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa, torí oògùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọ̀fìnkìn máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun, ara á máa roni, ara lè gbóná díẹ̀, ikun imú lè ki, láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí ọjọ́ mẹ́wàá, á ti ń lọ, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ikọ́ rẹ̀ lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlẹ́jì kì í mú ara gbóná. Omi imú rẹ̀ mọ́ gaara, ojú á máa yúnni, inú imú á máa yúnni, kò sì ní lọ níwọ̀n ìgbà tí ohun tó fà á bá ṣì wà nítòsí.

Fún àlẹ́jì, Piriton ni gbogbo wa mọ̀ láti kékeré. Chlorpheniramine lorúkọ oògùn inú rẹ̀. N kò ní bà á lórúkọ jẹ́: ó ń yára ṣiṣẹ́, owó rẹ̀ kò wọ́n, imú tó ń ṣomi á gbẹ. Ṣùgbọ́n oorun rẹ̀ pọ̀ jù fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń wọn léèsì yáàdì márùn-ún fún oníbàárà, tó tún ń ka owó, kò gbọ́dọ̀ máa tòògbé. Ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ Micra wa ló wá ń bà mí lẹ́rù jù, àwọn tó ń lo Piriton láàárọ̀ tí wọ́n á tún mu paraga lé e lórí ní gáréèjì. Ọtí àti Piriton, oorun ni àwọn méjèèjì ń fà, ọ̀kan á wá máa ran èkejì lọ́wọ́, ọkọ̀ sì kún fún èrò. Alẹ́ nìkan ni mo ń lò ó, tí ojú yíyún bá fẹ́ dí mi lóorun, tí mo sì mọ̀ pé kò sí ibi tí mò ń lọ mọ́. Fún àwọn bàbá àgbàlagbà tí ìtọ̀ kì í fẹ́ dà dáadáa, ẹ ṣọ́ra, ó lè há ìtọ̀ náà pátápátá.

Loratadine ni mo yàn fún ọ̀sán, òun sì ni mo fọwọ́ sọ̀yà jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ dárúkọ. Hóró kan tó jẹ́ mílígíráàmù 10 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, ó tán. Kì í kun èèyàn lóorun bíi ti Piriton, títí di ọjọ́ kejì ló sì máa ń ṣiṣẹ́. Kì í yára, ó lè tó wákàtí kan sí mẹ́ta kí èèyàn tó mọ̀ ọ́n lára, ìdí nìyí tí mo fi máa ń lò ó kí n tó kúrò nílé tí mo bá mọ̀ pé a máa tú ẹrù lọ́jọ́ yẹn. Èyí tí wọ́n ṣe ní Náíjíríà àti èyí tó ti òkè òkun wá, oògùn kan náà ló wà nínú wọn, ti ilé ni mo ń rà, owó rẹ̀ dín dáadáa. Cetirizine wà láàárín Piriton àti loratadine: ó lágbára, òun náà sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, àmọ́ ó ṣì máa ń kun àwọn kan lóorun. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lálẹ́ ọjọ́ tí kò síṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ẹ má sì ra loratadine fún ọ̀fìnkìn, kò fi bẹ́ẹ̀ ní ohun tó lè ṣe sí i. Pẹ̀lú gbogbo oògùn yìí, mo ń lo ìbòmú tí mo bá ń tú ẹrù, mo sì ń fọ ojú àti imú mi lẹ́yìn rẹ̀. Ìyẹn ń dín oògùn tí mò ń rà kù.

Ó yá, ọ̀fìnkìn gidi. Páálí àwọn oògùn òtútù ló máa ń lẹ́wà jù lórí pẹpẹ, oògùn mẹ́ta mẹ́rin nínú hóró kan ṣoṣo: paracetamol fún ara gbígbóná, èyí tó dà bíi Piriton fún omi imú, èyí tó ń ṣí imú tó dí, nígbà mìíràn kaféènì. Ẹ wò ó, tí ó bá jẹ́ pé orí fífọ́ nìkan ló ń ṣe yín, kí ni àwọn yòókù fẹ́ wá ṣe lára yín? Ohun tó sì léwu jù ni paracetamol inú rẹ̀. Àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ lò ju hóró mẹ́jọ ti mílígíráàmù 500 lọ láàárín wákàtí 24. Ẹni tó lo oògùn òtútù méjì, tó tún lo Panadol méjì lé e lórí nítorí orí fífọ́, tó sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ti kọjá ibẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì ń forí fá a. Àbúrò mi tó wà ní Houston máa ń fi oògùn òtútù ńláńlá ránṣẹ́ sí wa, t'ọ̀sán lọ́tọ̀, t'òru lọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, acetaminophen tí wọ́n kọ sára ti Amẹ́ríkà, paracetamol náà ni. Ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ Panadol.

Èyí tó ń ṣí imú nínú àwọn oògùn oníhóró wọ̀nyí, phenylephrine ló máa ń jẹ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń gba FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà, nímọ̀ràn sọ pé tí èèyàn bá gbé e mì, kò ṣí imú ju hóró tí kò sí oògùn nínú rẹ̀ lọ, ní 2024 sì ni FDA dábàá pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo ka èyí, mo sì dẹ́kun ríra gbogbo páálí tó bá kọ ọ́ sára. Pseudoephedrine ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lè gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, kò gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá ọkọ mi. Tí ọ̀fìnkìn bá mú mi, paracetamol lásán, omi púpọ̀, oorun. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ti ìyá ọkọ mi ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ìbéèrè lè níye lórí ju ìgò oògùn lọ. Ikọ́ gbígbẹ kan dé bá wọn, kò sí kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kò sí ibà, wọ́n kàn ń wú hù-hù-hù láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pàápàá lóru. Ìgò oògùn ikọ́ oríṣiríṣi ni wọ́n ti tà fún wa káàkiri, oyin àti ọsàn wẹ́wẹ́ kò ràn án, orógbó kò ràn án. Mo dé ọ̀dọ̀ Àǹtí Dókítà, mo ní kó fún mi ní èyí tó le jù. Kò dìde. Ó ní, "Kí ni Màmá ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru wọn?" Mo ní lisinopril ni. Ó ní ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mo ṣírò ó, kò tíì pẹ́ sígbà tí ikọ́ bẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Lisinopril máa ń fa ikọ́ gbígbẹ fún àwọn kan mà. Ẹ má ní kí wọ́n dá a dúró fúnra wọn o, ẹ gbé wọn padà sọ́dọ̀ dókítà tó kọ ọ́ fún wọn, kó wò ó bóyá ó máa pààrọ̀ rẹ̀." Kò ta nǹkan kan fún mi lọ́jọ́ yẹn. Dókítà pa oògùn náà dà sí òmíràn, kò sì pẹ́ tí ikọ́ náà fi wábi gbà. Màmá ń gbàdúrà fún ọmọ náà títí dòní.

Oògùn ikọ́ olómi, mo ti ń rà á lọ́wọ́ kíkún tẹ́lẹ̀ fún ilé, mo ti dín in kù gan-an. Oríṣi méjì ló wà: èyí tó ń mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rọ̀ kó lè jáde, àti èyí tó ń pa ikọ́ gbígbẹ lẹ́nu mọ́. Tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá wà láyà yín, ẹ má lo èyí tó ń pa ikọ́, torí ikọ́ yẹn ló ń kó ìdọ̀tí jáde. Mo ti rí ìgò tó kó méjèèjì pọ̀, mo dá a padà sórí pẹpẹ. Àwọn kan ṣì máa ń wá "èyí àtijọ́ tó máa ń ṣiṣẹ́ yẹn," ìyẹn èyí tó ní codeine. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2018 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Adéwọlé, tó jẹ́ mínísítà ètò ìlera nígbà yẹn, tó ti ṣe gíwá Yunifásítì Ìbàdàn wa níbí, fòfin de ṣíṣe é àti kíkó o wọlé, nítorí bó ṣe ń ba ayé àwọn ọ̀dọ́ jẹ́. Ẹni tó bá ṣì ń fi pamọ́ tà á lábẹ́ káńtà, ẹ sá fún gbogbo ohun yòókù tó ń tà.

Fún ọmọdé, mo le lórí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní tọrọ gáfárà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2009 ni wọ́n ti sọ pé kí wọ́n má fi àwọn oògùn ikọ́ àti òtútù tí à ń rà lórí káńtà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Ẹ rántí ọdún 2008, nígbà tí oògùn olómi fún eyín híhù ọmọdé pa ohun tó lé ní 80 ọmọ ní Náíjíríà, torí pé diethylene glycol, èròjà tí wọ́n ń lò nínú omi búréèkì ọkọ̀, wà nínú rẹ̀. Kíndìnrín àwọn ọmọ náà ló daṣẹ́ sílẹ̀. Ní 2022, irú májèlé yẹn tún wà nínú oògùn ikọ́ àti òtútù olómi tí wọ́n kó wọ Gáḿbíà, ó pa ohun tó lé ní 60 ọmọdé. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá rántí pé àwọn ìyá yẹn rò pé ìwòsàn ni àwọn ń fi ṣíbí bu sí ọmọ lẹ́nu. Fún àbíkẹ́yìn mi, oyin gidi ṣíbí tíì kan kó tó sùn, omi iyọ̀ tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré fún imú tó dí, àti paracetamol ọmọdé tí ara bá gbóná, bí ọjọ́ orí àti ìwọ̀n rẹ̀ ṣe gbà. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan kò gbọ́dọ̀ fẹnu kan oyin, kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó ń sọ iṣan ọmọ ọwọ́ di aláìlágbára. Ọmọ tó bá ń mí gúlegúle, tí ìhà rẹ̀ ń wọlé bó ṣe ń mí, tàbí tí kò lè mu ọyàn, ilé ìwòsàn ni, kì í ṣe kẹ́míìsì.

Robb àti Vicks, mo fẹ́ràn wọn fún àyà àti ẹ̀yìn àgbàlagbà lóru. Wọn kì í ṣe ohun tí a ń kì bọ imú, wọn kì í sì í ṣe ohun tí a ń pò mọ́ tíì mu. Káńfọ̀ wà nínú wọn. Kí ẹ má fi Vicks pa ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lára. Tom Tom àti Strepsils máa ń mú ọ̀nà ọ̀fun tutù, ó dáa bẹ́ẹ̀, àmọ́ kí ẹ má kó wọn fún ọmọ kékeré, wọ́n lè há a lọ́nà ọ̀fun. Oògùn tí à ń fín símú, èyí tó ní oxymetazoline, ń ṣí imú lójú ẹsẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta péré ni kí ẹ lò ó mọ. Ẹni tó bá ń lò ó lọ, imú rẹ̀ á máa dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ tí kò bá ti fín in.

Ilé ìtajà tí mò ń sọ yìí ní àléébù tirẹ̀. Owó wọn lé díẹ̀ sí ti ọjà oògùn Agbeni, ìrọ̀lẹ́ sì máa ń kún nígbà tí àwọn ará ọjà bá ń relé, tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ àṣírí kò rí àyè. Tí apòògùn bá ti lọ sílé, ọmọ tó ń tà á kàn máa ń tà á ni, kì í béèrè tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo fara mọ́ owó tó lé yẹn. Ní oṣù kejì ọdún 2025, NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà l'Ékòó pa nítorí ayédèrú oògùn, ọ̀pọ̀ nínú ohun tí à ń rà káàkiri ìpínlẹ̀ ló sì máa ń gba ibẹ̀ kọjá. Níbí, wọ́n ń fún mi ní rìsíìtì, páálí rẹ̀ ń pé, mo ń ka nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́ kí n tó sanwó, kò sì sí ẹni tó ń kanra mọ́ mi.

Ikọ́ tó bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, wọn kì í tà á lóògùn. Wọ́n máa ń ní kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ikọ́ ife, ìyẹn TB, ní ilé ìwòsàn ìjọba, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò àti oògùn rẹ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ sọ́dọ̀ wọn, kí èrò tó pọ̀, kí ẹ sì mú gbogbo oògùn tí ẹ ń lò nílé dání, títí kan àgbo.